Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin agbẹ̀bí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: aboyún tó ní kókó lọ́mú kò gbọdọ̀ dúró dìgbà ìbímọ

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo sì kí yín kú àìsùn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbẹ̀bí nílé àdúrà, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ jogún iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ìyá tó bí yín, láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Òdógbolú, láti Ìpẹru dé Ṣàgámù, ẹ̀yin ni mo kọ lẹ́tà yìí sí. Mo lè kọ ọ́ sí kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera ní Abẹ́òkúta, àwọn èèyàn á sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n aboyún tó bá fọwọ́ kan nǹkan líle lọ́mú rẹ̀ kì í lọ bá kọmíṣọ́nnà. Ẹ̀yin ló ń fi hàn. Kì í tiẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ní ẹjọ́ wá rò. Ẹ ti wo ikùn rẹ̀ tán, ó ti ń so ìró mọ́dìí, ìgbà yẹn ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Màmá, ẹ bá mi wo ibí yìí náà." Èsì tí ẹ bá fún un nígbà náà ni yóò gbé délé. Òun ni yóò sọ fún ọkọ, òun náà ni ìyá ọkọ yóò dì mú.

Èsì tí mo mọ̀ tí a sábà máa ń fún wọn ni pé wàrà ló ń dì, pé tó bá bímọ tí ọmọ bá fà á, yóò yọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nítorí ìgbà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mú bírò.

Èmi náà gbẹ̀bí fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó gbé mi lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń fa oògùn jẹjẹrẹ sí aláìsàn lára, ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìntì. Mo mọ bí ikùn aboyún ṣe ń rí lábẹ́ ọwọ́, mo sì mọ ohun tó wà nínú ìgò tí à ń so kọ́ sókè orí aláìsàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lẹ́nu mi kò pọ̀. Jẹjẹrẹ ọmú tó bá aboyún, a lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, kí a gbóhùn ìyá, kí a sì gbóhùn ọmọ. Oṣù tí a fi ń dúró ló ń gba ìyá lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti kókó náà. Ọmú aboyún máa ń wú, ó máa ń wúwo, ibi tí wàrà ń gbà á máa ń le káàkiri, ìdí nìyí tí nǹkan kékeré fi lè fara pamọ́ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Kókó wàrà sábà máa ń dunni, ara ibẹ̀ á gbóná, bí a bá fi aṣọ gbígbóná lé e tí a sì rọra fún un, yóò dẹ̀. Ẹ kò nílò kí n kọ́ yín nìyẹn. Èkejì, ti jẹjẹrẹ, kì í sábà dunni. Ó le, etí rẹ̀ kò dán, bí ẹ bá tì í, kì í fẹ́ yẹ̀. Awọ orí rẹ̀ lè ki sínú. Orí ọmú tó ti ń yọ síta tẹ́lẹ̀ lè wọlé, ẹ̀jẹ̀ lè máa kán níbẹ̀, abíyá náà lè ní kókó tirẹ̀. Kókó yòówù tó bá lo ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, ì báà máa dunni, ì báà má dunni, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ wàrà. Ẹ kọ ìwé lé e lọ́wọ́ kó lọ ṣe síkáànù ọmú.

Síkáànù yẹn kò ní ṣe ọmọ inú ní nǹkan kan. Irú rẹ̀ náà ni a fi ń wo ọmọ. Bí dókítà bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú kókó náà, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò pa ìrora ibẹ̀, wọ́n á bu ẹran bíńtín níbẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sí láàbù. Ọmọ kò ní mọ̀ pé wọ́n ṣe é. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwa agbẹ̀bí fúnra wa pé bí irin bá fi lè kan kókó báyẹn, yóò tú ká, yóò pa èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ẹ rí tí wọ́n kú lẹ́yìn irú àyẹ̀wò yẹn, àìsàn ti jìnnà lára wọn kí wọ́n tó gbà láti ṣe é. X-ray tí wọ́n fi ń wo ọmú tàbí àyà pàápàá, wọ́n lè lò ó fún aboyún, wọ́n á fi aṣọ òjé bo ikùn rẹ̀. Èyí tí wọ́n máa ń sá fún ni àwòrán CT, X-ray tó ń ya inú ara ní ègé ègé, ti ikùn àti ìbàdí, torí ojú ọ̀nà gan-an ni ọmọ wà.

Ẹnìkan lè ní, mélòó ló tiẹ̀ ń ṣe? Ní àwọn ìlú òyìnbó tí wọ́n ti ń kà á, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé jẹjẹrẹ oríṣiríṣi máa ń bá nǹkan bí oyún 1 nínú 1,000, ti ọmú sì wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù, ti ọrùn ilé ọmọ àti ti ẹ̀jẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n ẹ kó ìwé orúkọ gbogbo wa pọ̀, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìkẹ́nnẹ́, kí ẹ wá wo iye ẹgbẹ̀rún tó wà nínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ọmú kì í sì í dúró de àgbà lọ́dọ̀ tiwa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade, tó kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kó tó lọ ń ṣe ìwádìí ní Chicago, wà lára àwọn tó fi hàn pé ó máa ń bá àwọn obìnrin wa ní kékeré ju ti aláwọ̀ funfun lọ, irú èyí tó máa ń yára tàn sì pọ̀ lára wọn. Kékeré tí wọ́n wí yẹn, ìgbà ọmọ bíbí ni.

Obìnrin kan wà tó ń ta aṣọ ní ọjà Òkè-Àjẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde. Oyún rẹ̀ kẹta ni. Oṣù kẹta ló ti rí kókó náà, ó sì fi hàn níbi tó ti forúkọ sílẹ̀. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Wọ́n ní wàrà ni, wọ́n fi òrí pa á, wọ́n ń fún un, wọ́n ń fún un. Ìgbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, oyún ti wọ oṣù karùn-ún, abíyá rẹ̀ ti ń le. Ẹbí tẹ̀ lé e wá, wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní kí wọ́n mú oyún náà kúrò kíá kí àbúrò òun lè rí ìtọ́jú. Ìyá ọkọ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi oògùn kankan kan ọmọ-ọmọ òun, kí wọ́n jẹ́ kó bímọ ná. Ọkọ jókòó láàárín wọn, ó ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan.

Dókítà dá àwọn méjèèjì lóhùn pé kò sí èyí tó pọn dandan nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Oyún ti kọjá ibi tí ẹ̀rù ti ń bani jù. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́sẹ̀ yẹn.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún aboyún tó ní jẹjẹrẹ ọmú jẹ́ méjì tí wọ́n pa pọ̀, doxorubicin àti cyclophosphamide. Ti àkọ́kọ́ pupa fòò. A kì í kàn so ó kọ́ ká bá tiwa lọ. Nọ́ọ̀sì á jókòó ti aláìsàn, á máa fi ọwọ́ tì í díẹ̀díẹ̀ sínú iṣan, omi dríìpù á máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú kò sì gbọdọ̀ kúrò níbi tí abẹ́rẹ́ wọlé sí, torí bí ó bá jò sábẹ́ awọ, yóò jó ẹran ibẹ̀. Mo tì í tán fún un, kò ṣe nǹkan kan. Ó dìde lọ tọ̀, ló bá figbe ta. Nígbà tí a máa fi wọlé, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú. Ìtọ̀ rẹ̀ pupa, ó gbà pé oyún ti ń wálẹ̀. Ìyá ọkọ ti káwọ́ lérí lẹ́nu ọ̀nà. Oògùn náà ló ń bá ìtọ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe fún ọjọ́ kan tàbí méjì. A ti sọ fún un láàárọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò rántí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gba kẹ́mò, bí a ṣe ń pe oògùn jẹjẹrẹ yìí?

Ìdí tí mo fi ròyìn èyí ni pé bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá padà sílé tó rí ìtọ̀ pupa lóru, ẹ̀yin ni wọ́n máa wá jí. Ẹ wò ó bóyá inú ìtọ̀ ni àwọ̀ náà wà tàbí ojú ara ló ti ń wá. Ẹ fetí sí ọkàn ọmọ. Bó bá jẹ́ pé ìtọ̀ ni, tí inú kò sì fún un, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sì fọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú ara ló ti ń wá, ẹ gbé e wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń wá gbà á. Ó bímọ nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 37, ọkùnrin ni, ó ké kí wọ́n tó nù ún. Wọ́n gbé ìyókù ìtọ́jú fún ìyá lẹ́yìn tó bímọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lágbára jù ni ìgbà tí a fún un. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ọkàn ọmọ, ọpọlọ, ojú, etí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ń di dídá. Kẹ́mò máa ń pa ohunkóhun tó bá ń yára pín ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun tó ń yára tó ọlẹ̀. Nínú 100 ọmọ tí ìyá wọn gba irú oògùn yìí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, 10 sí 20 ló máa ń ní àbùkù, àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ dúró rárá. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 lọ, tí gbogbo ẹ̀yà ara ti pé tó kù kí wọ́n máa dàgbà, iye yẹn máa ń já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3 nínú 100. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé 3 yẹn ni ti oyún tí ìyá rẹ̀ kò fẹnu kan oògùn kankan. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ ní oṣù kejì, kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n káwọ́ gbera. Wọ́n lè kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n yọ kókó náà tàbí ọmú náà, oògùn á wá tẹ̀ lé e nígbà tí oyún bá kọjá oṣù mẹ́ta. Iṣẹ́ abẹ ọmú ṣeé ṣe nígbàkúgbà nínú oyún.

Gbogbo oògùn kọ́ ló rí bákan náà. Ibi ọmọ dà bí asẹ́ tí à ń fi sẹ gàrí, ohun tó ń gba ojú rẹ̀ kọjá kì í ṣe iye kan náà. Wọ́n ti wò ó lára ọ̀bọ tó lóyún: doxorubicin tó dé ara ọmọ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ti paclitaxel tún kéré sí i, ṣùgbọ́n ti carboplatin lé ní ìdajì. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ gba irú ti carboplatin lè kéré nígbà tí wọ́n bá bí i. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ methotrexate, òun náà wà lára oògùn jẹjẹrẹ, òun ni dókítà ń lò nígbà tí oyún bá lọ jókòó sí ìta ilé ọmọ. Ohun tó lè túká oyún bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé a kò lè lò ó fún oyún tí a fẹ́ kó dúró. Trastuzumab, tí àwọn kan mọ̀ sí Herceptin, máa ń gbẹ omi inú oyún, wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìbímọ. Tamoxifen, oníhóró tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́, òun náà ń dúró. Ẹ bá mi tẹ́tí sí èyí dáadáa, torí obìnrin tó ti ń lo tamoxifen tẹ́lẹ̀ lè lóyún láìmọ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lọ́jọ́ tó wá forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ darí rẹ̀ sí dókítà.

Ti iná ńkọ́? Ìtọ́jú oníná, tí wọ́n ń fi ìtànṣán ẹ̀rọ pa jẹjẹrẹ, ni ẹ̀rù rẹ̀ tọ́ kó bani jù. Lẹ́yìn bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Hiroshima àti Nagasaki ní 1945, wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó wà nínú ikùn ìyá wọn lọ́jọ́ náà títí wọ́n fi dàgbà. Àwọn tí oyún wọn wà láàárín ọ̀sẹ̀ 8 sí 15 ló fara gbá jù: orí wọn kéré, òye wọn kò sì pé. Nítorí èyí, iná fún jẹjẹrẹ ọmú sábà máa ń dúró di ẹ̀yìn ìbímọ, ibi tí kẹ́mò bá sì ti wà láàárín, ìdúró yẹn kì í pa ìyá lára. Iná sí ìbàdí àti ọmọ inú kò lè jọ wà.

Mo ti wá dé ibi tó wù mí jù. Àwọn dókítà kan ní Leuven, ní Belgium, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Frédéric Amant ń darí, kò fi ọ̀rọ̀ mọ sí "ọmọ bí, ọmọ yè". Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà. Ní 2012, wọ́n gbé àbọ̀ jáde lórí ọmọ 70 tí ìyá wọn gba kẹ́mò nínú oyún, àwọn tó kéré jù jẹ́ oṣù 18, àwọn tó dàgbà jù jẹ́ ọdún 18. Ní 2015, wọ́n tún gbé ti ọmọ 129 jáde, láti Belgium, Netherlands, Ítálì àti orílẹ̀-èdè Czech. 96 nínú wọn ni kẹ́mò ti kan nínú ikùn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kò ní jẹjẹrẹ, tí wọ́n bí ní iye ọ̀sẹ̀ kan náà, wọ́n fi wọ́n wé ara wọn. Òye wọn kò yàtọ̀ sí ara wọn. Wọ́n wo ọkàn àwọn kan nínú wọn nígbà tí wọ́n pé ọdún mẹ́ta, torí doxorubicin lè ba ọkàn àgbà jẹ́. Ọkàn wọn ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bí ọmọ. Nǹkan bí 6 nínú 10 àwọn ọmọ 2015 yẹn kò pé oṣù. Nínú ìwádìí 2012, oṣù kan tí ọmọ bá fi pẹ́ sí i nínú ikùn fi máàkì tó lé ní 11 kún ìdánwò òye tí wọ́n ṣe fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò pé oṣù yẹn kò dédé rọbí, dókítà ló yára gbé wọn jáde. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀: bí a bá gbé ọmọ jáde ní oṣù keje kí ìyá lè tètè rí kẹ́mò gbà, a lè ṣe é ní ibi tó ju èyí tí kẹ́mò lè ṣe é lọ. Ìyẹn ní ìlú tí iná mànàmáná kì í ti í lọ. Ẹ ro ọmọ oṣù méje nínú àpótí gbígbóná ní ìlú wa, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ dísù. Mo sì mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ láàárín wa pé ọmọ oṣù méje ń yè ju ti oṣù mẹ́jọ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sétí aboyún mọ́. Bó bá ṣe pẹ́ nínú ikùn tó, títí dé ọ̀sẹ̀ 37, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dára tó fún un.

Ibi kan wà tí ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá, n kò ní fi bò fún yín. Obìnrin tó ń gba kẹ́mò kò gbọdọ̀ bímọ nílé àdúrà, kò gbọdọ̀ bí i nílé. Oògùn náà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ funfun lọ sílẹ̀, ó sì ń mú èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lọ sílẹ̀ pẹ̀lú, lára ìyá àti lára ọmọ. Bó bá rọbí lásìkò yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè má dá, kòkòrò àìsàn kékeré sì lè gbé e ṣánlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń dá oògùn dúró tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó bímọ, wọn kì í sì í sábà fún un mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 35. Bí ara rẹ̀ bá gbóná láàárín oògùn kan sí èkejì, bí kò tilẹ̀ ju pé òtútù ń mú un lọ, ẹ má fún un ní oògùn ibà kí ẹ wá ní kó sùn. Ọjọ́ náà ni kó dé ọsibítù.

Àgbo náà ńkọ́? N kò bá àgbo jà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ èmi náà dàgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí kẹ́mò, ẹ̀dọ̀ náà ló ń ṣiṣẹ́ lórí àgbo, a kò sì lè mọ ohun tí méjèèjì máa bí bí wọ́n bá pàdé. Kó fi í sílẹ̀ títí ìtọ́jú yóò fi parí. Ohun tó yẹ kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí, láìdúró de ẹnikẹ́ni, ni fífún kókó líle àti fífi gbígbóná jó o. Kò lè yọ́, àkókò ló ń jẹ.

Bó bá sì bímọ, ìyá ọkọ yóò fẹ́ kó fún ọmọ lọ́mú, ẹ̀yin náà ti fi gbogbo ayé yín wàásù ọmú fún un. Tirẹ̀ yìí, bó bá ṣì ń gba kẹ́mò, kò gbọdọ̀ fún un, torí oògùn ń bá wàrà jáde. Ẹ ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú wàrà agolo, kí ẹ sì bá a pa ẹnu àdúgbò mọ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dájú lójú ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mímú oyún kúrò, tí ẹ̀gbọ́n obìnrin ọjọ́sí mú wá, kò ṣeé gbójú fò. Ní ti jẹjẹrẹ ọmú, mímú oyún kúrò nìkan kì í mú kí ìyá pẹ́ sí i láyé. Àwọn ibi tó ti lè di ọ̀ràn pàjáwìrì wà: jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ irú èyí tó ń yára, tó bá bá a ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kì í fún ẹnikẹ́ni láyè láti dúró de ọ̀sẹ̀ 14. Òfin ilẹ̀ wa gba dókítà láyè bó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí ìyá là. Ọ̀rọ̀ dókítà àti obìnrin náà nìyẹn, kì í ṣe tiwa, kì í sì í ṣe ti ìyá ọkọ. Tiwa ni kí a rí i pé ẹni tó ni ara náà ní ẹnu ọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ti ọrùn ilé ọmọ, gbólóhùn díẹ̀. Aboyún tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ má sọ pé oyún ló ń ṣe é títí tí ẹnìkan yóò fi fi ẹ̀rọ wo ọrùn ilé ọmọ rẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá wà níbẹ̀ gbangba, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà máa fi gbẹ̀bí rẹ̀, torí bó bá gba ojú ara, ẹ̀jẹ̀ lè dà kó má sì dá.

Ibo ni kí ẹ darí wọn sí? A kò jìnnà. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Bó bá kan iná lẹ́yìn ìbímọ, ọsibítù UCH ní Ìbàdàn wà, ọsibítù LUTH ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó, náà wà. Ẹ jẹ́ kí ìwé tí ẹ máa kọ sọ ọ̀sẹ̀ tí oyún wà, ìgbà tó rí kókó náà, ọmú wo, àti ohun tí ẹ ti fi sí i. Bí ẹ bá ti fi òrí sí i, ẹ kọ òrí. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Owó ló kù. Ẹ̀yin rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tó ṣeé ṣe kí lẹ́tà yìí dé ọwọ́ yín, mo kí yín. Mo fẹ́ràn Ojúde Ọba ju bí ẹ ṣe rò lọ, n kì í sì í fẹ́ kí ọjọ́ kẹta Iléyá bá mi lẹ́yìn odi. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má rán aṣọ. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ẹgbẹ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àjọdá wọn fún owó ọkọ̀, síkáànù àti àyẹ̀wò láàbù aboyún kan ṣoṣo lọ́dún. Kókó tí wọ́n sọ pé wọ́n á wò "tí owó bá dé" ni mo máa ń rí lẹ́yìn oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò ju ìwọ̀nyí lọ. Lọ́jọ́ tí aboyún bá wá forúkọ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ wo ọmú méjèèjì àti abíyá, kí ẹ tún un wò ní oṣù karùn-ún àti ìkeje. Àdúrà yín, ẹ má dá a dúró, ẹ gbà á fún un lọ́nà ọsibítù. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ tẹ̀ lé e lọ, torí bí màmá tó ń gbẹ̀bí fún un bá jókòó tì í, ìyá ọkọ á gbọ́ ohun tí dókítà ń wí.

Èyíkéyìí nínú ẹgbẹ́ yín tó bá fẹ́ kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípàdé, n kò ní gba kọ́bọ̀. Mo ní ọmú oníróbà kan tí a fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, kókó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín wá wọn. Kí ẹ jọ̀ọ́ má fi í sí ọjọ́ ọjà.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì,
Ìjẹ̀bú-Òde.